Orúkọ Tí Ìlú Fún Àwòdì

Nínú gbogbo ẹyẹ tó ń fò lókè ilẹ̀ Yorùbá, n ò rò pé èyí tó ti gba èpè tó àwòdì wà. Igún ń jẹ òkú, orí rẹ̀ pá, orí ààtàn ló ń gbé, síbẹ̀ àwọn àgbà ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Òwìwí ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n òru ni tirẹ̀, ta ló jí sílẹ̀ tó ń wò ó? Àwòdì ní tirẹ̀, ọ̀sán gangan ló ń ṣọṣẹ́, lójú gbogbo ayé, nínú àgbàlá ẹni. Ẹni tó bá dàgbà nílé tí wọ́n ti ń sin adìẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Òjìji kan á sáré kọjá lórí ilẹ̀. Ọmọdé tó kọ́kọ́ rí i á figbe ta: "Àwòdì o!" Àwọn ìyá á gbá páànù mú, wọ́n á máa lù ú gbà-gbà-gbà, ẹnì kan á sọ bàtà sókè, àgbébọ̀ á tẹ́ apá sílẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ á rọ́ wọ abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó wá kà wọ́n. Mẹ́jọ àárọ̀ ti di méje. Èpè á wá bẹ̀rẹ̀: kò ní rí ibi bà lé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kán, ọmọ tirẹ̀ náà á já bọ́ látorí igi.

Ìyá mi kì í fi mọ sórí èpè. Kí àwọn òròmọdìẹ tó máa jáde tẹ̀lé ìyá wọn, wọ́n á kì wọ́n bọ inú aró lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sá wọn sóòrùn títí wọ́n á fi gbẹ. Àwọn kan á pupa fòò, àwọn kan á di aláwọ̀ ewé, àwọn mìíràn á di elésè àlùkò. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé àwòdì tó bá rí nǹkan pupa tó ń rìn nílẹ̀ kò ní kà á kún oúnjẹ. Ó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ńṣe la ó kàn máa wo nǹkan pupa náà bó ṣe ń gòkè lọ.

Òròmọdìẹ kò mọ àwòdì, ìyá rẹ̀ ló mọ àṣá. Gbogbo wa la mọ òwe yẹn, gbogbo wa la sì mọ ibi tí wọ́n ti ń pa á: bí ọmọ bá ń fi ojú di ewu tí òbí rẹ̀ ti rí rí. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé ogún ni orúkọ búburú yìí. Kò dúró de kí ọmọ fojú ara rẹ̀ rí ẹyẹ náà. Wọ́n ti gbé e lé e lọ́wọ́ kó tó jáde nínú ẹyin. Ẹ tún wò ó pé òwe náà kò tilẹ̀ dúró ya àwòdì sọ́tọ̀ kúrò lára àṣá. Ta ló fẹ́ dúró ṣe ìyẹn nígbà tí èékánná ti ń bọ̀?

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń gbé ní Reading, ìlú kan ní ìwọ̀ oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, tí àwọn ọmọ wa kún fọ́fọ́. Bí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin níbẹ̀, tí ẹ gbójú sókè, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí i: ẹyẹ ńlá kan tí ìrù rẹ̀ là sí méjì, pupa bí erùpẹ̀ Ìbàdàn, tó na apá méjèèjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà méjì, tí kò sì jù wọ́n. Atẹ́gùn ló ń gbé e. Ìrù yẹn nìkan ló ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún. Gbogbo ẹran ara rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kílò kan lọ. Ẹ̀yà àwòdì ni. Àbúrò tirẹ̀ tó dúdú jù ú lọ ni tiwa nílé. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì ìlú náà ti kà wọ́n, wọ́n sì rí i pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn ló ń wọ ìlú lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìtẹ́ wọn tó pọ̀ níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń wọlé láàárọ̀, tó ń padà sí abúlé nírọ̀lẹ́, ni wọ́n. Kí ni wọ́n ń wá? Ẹran. Nǹkan bí ilé 4 sí 5 nínú 100 ní ìlú náà ló ń gbé ẹran sí ẹ̀yìnkùlé fún wọn.

Mo ti mọ èyí kí màámi tó wá kí wa. Mi ò ronú pé ó yẹ kí n kì wọ́n nílọ̀.

Ojú fèrèsé kíṣìnì ni wọ́n dúró sí, wọ́n ń fọ ẹ̀fọ́. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń gbé lódìkejì wa. Ó jáde síta pẹ̀lú abọ́, ó ń to nǹkan sórí òrùlé àhéré kékeré tó ń kó irinṣẹ́ sí.

"Kí ni bàbá yẹn ń tò sórí òrùlé?"

"Ẹran adìẹ ni, Màámi."

"Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́ lórí òrùlé?"

Mo nàka sókè. Mẹ́ta ti ń yí po. Wọ́n wò ó títí, ọwọ́ wọn dúró nínú omi. Ọ̀kan já wálẹ̀ bí ẹni tí okùn já mọ́ lọ́wọ́, ó kàn fi ẹsẹ̀ ha itan adìẹ kan, ó sì ti padà sókè, ó ń jẹ ẹ́ lójú òfurufú. Bàbá náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Wọ́n fowó ra adìẹ lọ́jà," ni màámi wí, "wọ́n gbé e wálé, wọ́n fi ń bọ́ àwòdì." Wọ́n nu ọwọ́. "Olè tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé oúnjẹ fún, ṣé olè ṣì ni?"

Ẹ̀rín ni mo fi dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn ẹyẹ náà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí mo rí ni pé bàbá ẹ̀gbẹ́ ilé wa kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1500, ará Venice kan, láti ilẹ̀ Ítálì, tó bá ikọ̀ ìlú rẹ̀ wá sí England kọ ìròyìn ohun tó rí sílẹ̀. Ẹnu yà á sí ọwọ́ tí àwọn ará ibẹ̀ fi mú ẹyẹ tí àwọn ní tiwọn ń kórìíra. Ó ní ẹni tó bá pa ẹyẹ ìwò máa sanwó ìtanràn, nítorí wọ́n ní ó ń bá àwọn gbá ìgboro mọ́. Ó ní bákan náà ni ti àwòdì, pé ara wọn ti balẹ̀ sí ènìyàn débi pé wọ́n máa ń já búrẹ́dì tí ìyá fi bọ́tà pa gbà lọ́wọ́ ọmọdé. Onímọ̀ nípa ewéko kan, Clusius, tó ṣèbẹ̀wò sí Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọ̀rúndún kan náà, sọ pé àwòdì tó wà níbẹ̀ kò kéré sí ti Cairo.

Ká ronú nípa Lọ́ńdọ̀nù ìgbà yẹn díẹ̀. Kò sí ọkọ̀ tó ń kólẹ̀. Alápatà pa màlúù tán, ìfun di ti ojú títì. Ajá kú, ojú títì. Omi ìdọ̀tí ń ṣàn láàárín ọ̀nà. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, ẹyẹ tó ń sọ̀ kalẹ̀ wá palẹ̀ jíjẹrà mọ́ láìgba kọ́bọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Ṣùgbọ́n ẹ jáde kúrò ní ìgboro, ẹ gba oko lọ, ọ̀rọ̀ yí padà. Òfin kan jáde lọ́dún 1566, lábẹ́ Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, tó fi àwòdì sínú àwọn ẹyẹ àti ẹranko tí wọ́n ń san owó lé orí wọn. Ẹ pa á, ẹ gbé orí rẹ̀ lọ bá àwọn alámòójútó ìjọ àdúgbò, wọ́n á kà owó fún yín. Ilẹ̀ kan, ọ̀rúndún kan, ẹyẹ kan. Ará oko ní adìẹ tó lè sọnù, ará ìlú kò ní ju ìfun lọ.

Nílé náà, ẹ lọ sí ibi ìpẹran èyíkéyìí láàárín ọ̀gbẹlẹ̀, ìgbà tí àwòdì máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Alápatà kì í ṣépè fún un. Mo ti rí èyí tó ju ọ̀rá sókè fún un kó wò ó bó ṣe máa hán an. Ìyá tó ń ta àgbébọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ alápatà yẹn, tó ń fi apẹ̀rẹ̀ bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀, ohun mìíràn ló wà lẹ́nu tirẹ̀. Ọjà kan náà ni o.

Ọmọ ọdún méjì ni William Shakespeare nígbà tí òfin 1566 jáde. Ó dàgbà, ó kúrò ní Stratford, ìlú rẹ̀, ó wọ Lọ́ńdọ̀nù, ó bá àwòdì lókè òrùlé. Ó hàn gbangba nínú eré rẹ̀ pé ó máa ń wò wọ́n, kì í ṣe pé ó kàn gbọ́ nípa wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má wá ọ̀rọ̀ rere níbẹ̀. Nígbà tí Ọba Lear bínú sí Goneril ọmọ rẹ̀, àwòdì ló pè é. Nígbà tí Hamlet ń bú ara rẹ̀ pé òun ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la, ó ní ó ti yẹ kí òun ti fi ìfun ọba tó pa bàbá òun bọ́ gbogbo àwòdì àdúgbò kó sanra. Ìlú tó ń jẹ èrè iṣẹ́ ẹyẹ yìí lójoojúmọ́ kò ní orúkọ mìíràn fún un lórí ìtàgé ju èébú lọ. Àwa náà ṣáà mọ ojú tí wọ́n fi ń wo agbálẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù lọ wà nínú Macbeth. Wọ́n mú ìròyìn wá bá ìjòyè kan tó ń jẹ́ Macduff pé wọ́n ti pa ìyàwó rẹ̀ àti gbogbo ọmọ rẹ̀ nílé. Kò tètè yé e. Ó ń bi wọ́n léraléra: ṣé gbogbo wọn? Ó pe ẹni tó pa wọ́n ní àwòdì ọ̀run àpáàdì, ó wá béèrè bóyá gbogbo òròmọdìẹ òun tó rẹwà, àti ìyá wọn, ni ó fi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kó lọ. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà á nílé ẹ̀kọ́, olùkọ́ wa ṣàlàyé rẹ̀ gígùn. Kò yẹ kó ṣe wàhálà. Ọmọ tó bá ti ka òròmọdìẹ nínú àgbàlá rí, tó rí i pé ó dín, kò nílò àlàyé. Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé Macduff kò lu páànù. Kò sí nílé. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

Shakespeare tún ní ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pani lẹ́rìn-ín, nínú The Winter's Tale. Olè kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Autolycus. Aṣọ tí wọ́n sá sórí ọgbà ló máa ń jí. Ó ní aṣọ ìbùsùn ni ọjà tí òun ń ṣe, ó wá kìlọ̀ pé nígbà tí àwòdì bá ń kọ́ ìtẹ́, kí ẹ mójú tó àwọn aṣọ kéékèèké yín. Òótọ́ pọ́nńbélé ni. Àwòdì ń jí aṣọ. Ní àwọn igbó tó wà lẹ́yìn Reading lónìí, wọ́n ti bá pátá nínú ìtẹ́ wọn, wọ́n ti bá tówẹ̀lì, bọ́ọ̀lù tẹnìsì, àti bèbí tí ọmọdé fi ń ṣeré. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn ènìyàn rò pé kó lè móoru fún ẹyin ni.

Nígbà tó di ọdún 2011 ni àwọn olùwádìí kan gbé àbájáde wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Science, láti ọgbà ìṣẹ̀dá Doñana ní gúúsù Spain, níbi tí àwòdì dúdú, irú tiwa gan-an, ti ń pa ẹyin. Wọ́n rí i pé àwòdì ibẹ̀ ń kó ọ̀rá náílọ́ọ̀nù sínú ìtẹ́, funfun ni wọ́n sì ń ṣà. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń kó o. Àwọn tó wà ní ọdún agbára, bí ọdún méje sí méjìlá, tí wọ́n ní ilẹ̀ tó dára, tí ọmọ wọn ń yè, ni tiwọn pọ̀ jù. Ọ̀dọ́ tí kò tíì dá dúró kì í kó o, arúgbó tí apá rẹ̀ kò ká a mọ́ kì í kó o. Àwòdì mìíràn tó bá fò kọjá, tó rí ibi tó funfun lórí igi, á mọ̀ pé ẹni tó lè jà ló wà níbẹ̀, á wá ibòmíràn lọ.

Àwọn olùwádìí náà wá dán an wò. Wọ́n fi ọ̀rá kún ìtẹ́ àwọn tí kò kó o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí mo kà á tán, mo tún un kà. Àwọn onílé bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rá náà dànù. Wọn kò fẹ́ ẹ. Ohun tó sì fà á ni pé bí ọ̀rá bá ti pọ̀ ju agbára ẹni tó ni ìtẹ́, àwọn yòókù á máa wá dán an wò lemọ́lemọ́. Ẹ rántí òwàḿbẹ̀ níbi tí ẹnì kan ti yá léèsì wọ̀: gbogbo olórin ló ń ki í, gbogbo àgbà ń bi í ọmọ ta ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wá ọ̀nà ilé. Aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá, àwòdì sì mọ̀ ọ́n.

Àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun: báyìí la ṣe ń pa á láti kìlọ̀ fún ẹni tó ń hùwà bí ẹni pé kò sí ẹni tó rí i. Mo gbà pẹ̀lú òwe náà dé ààyè kan. Ẹyẹ yẹn kò bìkítà fún ojú wa rárá. Pátá ẹni tó bá wù ú ló ń gbé. Ṣùgbọ́n láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sí ohun tó jẹ ẹ́ lógún tó ohun tí wọ́n ń rí. Orúkọ tó ń wá ní òkè, tòótọ́ tòótọ́ ló fi ń wá a, ó sì ń san gbèsè rẹ̀ bó bá purọ́. Orúkọ tí àwa ń fún un ní ilẹ̀, ọ̀rọ̀ adìẹ wa àti pàǹtírí wa ni.

Ọ̀rọ̀ pàǹtírí yẹn ló sì tì í ṣubú ní England. Ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́. Wọ́n bo gọ́tà, wọ́n ń kó ìdọ̀tí lọ, oúnjẹ òfẹ́ tán. Ní 1777 ni wọ́n sọ pé ó pa ẹyin kẹ́yìn nínú Lọ́ńdọ̀nù, lórí igi ní Gray's Inn, láàárín ọgbà àwọn lọ́yà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbọn tó dára jáde, àwọn ọlọ́lá sì gba ẹ̀ṣọ́ igbó láti máa tọ́jú ẹyẹ tí wọ́n fẹ́ yìnbọn sí fún fàájì. Ẹnikẹ́ni tí ẹnu rẹ̀ bá tẹ̀, tó sì ní èékánná, ọ̀tá ni. Wọ́n fi májèlé sínú òkú ẹran, àwòdì tó jẹ́ pé òkú ẹran àti ekòló ló ń jẹ jù, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára tó ti àṣá, òun ló kọ́kọ́ ń kú. Bó ṣe wá ń ṣọ̀wọ́n, àwọn tó ń kó ẹyin àti awọ ẹyẹ jọ túbọ̀ ń wá a. Ó tán ní England ní 1871. Ó tán ní Scotland ní 1879. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù sí àárín gbùngbùn Wales, ní àwọn àfonífojì tí ẹ̀ṣọ́ igbó kò pọ̀ sí.

Ẹyẹ lọ, èébú dúró. Fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè joko nínú gbọ̀ngàn eré kó gbọ́ Lear tó ń pe ọmọ rẹ̀ ní àwòdì, kó sì jẹ́ pé kò rí àwòdì rí láyé rẹ̀. Òròmọdìẹ tí kò mọ àwòdì, ìwé ló mọ àṣá.

Láàárín 1989 sí 1994 ni wọ́n wá kó nǹkan bí 90 wá láti ilẹ̀ òkèèrè, púpọ̀ nínú wọn láti Spain, wọ́n tú wọn sílẹ̀ ní àwọn òkè Chilterns, tí kò jìnnà sí Reading. Wọ́n kó iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu láti Sweden lọ sí Scotland. Ní 1992, ọmọ àkọ́kọ́ jáde. Lónìí, wọ́n lé ní 4,000 tọkọtaya ní Bìrìtìkó. Nínú káàdì àti àmì ilé iṣẹ́ àti ara ògiri ilé ọtí, ẹ ó rí àwòrán rẹ̀. Adìẹ kò wọ́pọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé mọ́, kò sí ìfun lójú títì. Kò sí ohun tí wọ́n ń bá a dù. Ìdí nìyẹn tí ó fi rẹwà lójú wọn báyìí.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ló ń ṣe ẹ̀tanú tàbí ojú rere sí àwòdì. Nínú Things Fall Apart, ìwé Chinua Achebe tó jáde ní 1958, àgbà kan tó ń jẹ́ Uchendu sọ ìtàn kan tí àwọn Ìgbò mọ̀. Ìyá àwòdì rán ọmọ rẹ̀ lọ wá oúnjẹ. Ọmọ gbé ọmọ pẹ́pẹ́yẹ wá. Ìyá bi í pé kí ni ìyá pẹ́pẹ́yẹ sọ. Ó ní kò sọ nǹkan kan, ó kàn yíra padà lọ. Ìyá ní kó tètè dá a padà, pé ohun tó burú wà lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Ọmọ lọ gbé òròmọdìẹ wá. Kí ni ìyá rẹ̀ ṣe? Ó ké, ó ń bú mi, ó ń ṣépè. Ìyá àwòdì ní kò séwu, ká máa jẹ ẹ́. Ẹni tó ń pariwo kò ní ohun tó fẹ́ ṣe fúnni. Mo ka ìyẹn, mo rántí gbogbo páànù tí a ti lù nílé wa. Àṣé ńṣe là ń fún un ní ìwé àṣẹ! Ṣùgbọ́n nínú ìwé kan náà, nígbà tí wọ́n ń ṣàdúrà lórí obì, wọ́n ní kí àwòdì bà, kí idì náà bà, èyí tó bá ní kí èkejì má bà, kí apá rẹ̀ kán. Mi ò tíì rí ibòmíràn tí wọ́n ti fi àwòdì sórí ìjókòó kan náà pẹ̀lú idì.

Ní Delhi, ní ilẹ̀ Íńdíà, ọ̀run kún fún wọn. Àwọn Mùsùlùmí àdúgbò àtijọ́ níbẹ̀ máa ń ju ẹran sókè fún wọn bíi sàráà, kí wàhálà lè kúrò lórí ẹni. Ìlú kan náà ni àwọn ọmọdé àti àgbà ti máa ń fi òwú fa bébà sójú òfurufú, pàápàá nígbà àyájọ́ òmìnira wọn ní oṣù kẹjọ. Wọ́n fi ìgò lílọ̀ ra òwú náà, kó lè gé òwú ẹlòmíràn. Apá àwòdì ló ń gé. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Nadeem Shehzad àti Mohammad Saud, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú àwọn tó fara pa. Fíìmù tí Shaunak Sen ṣe nípa wọn ní 2022 ló jẹ́ kí ayé mọ̀ wọ́n. Ohun tó mú wọn bẹ̀rẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n gbé àwòdì kan tó ṣèṣe lọ sí ilé ìwòsàn ẹyẹ, wọn kò gbà á. Wọ́n ní ó ń jẹran. Ẹ wo bí orúkọ ṣe ń ṣiṣẹ́: sàráà lókè, kò sí bẹ́ẹ̀dì nísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ igún ló máa ń wá sí mi lọ́kàn níbi tí ọ̀rọ̀ bá dé báyìí, kò sì sẹ́ni tó bi mí. Igún tí èèwọ̀ dáàbò bò, tí wọ́n fi orin yìn, ta ló rí i nílé mọ́? Ó ti ń pòórá ní ìlú lẹ́yìn ìlú, wọ́n ń tà á fún ẹni tó fẹ́ fi ṣoògùn. Àwòdì tí gbogbo ilé ń ṣépè fún ṣì ń yí po lókè. Èpè kò ràn án.

Màámi ti padà sílé. Nígbà mìíràn lórí fóònù, wọ́n á béèrè aládùúgbò wa, wọ́n á wá fi kún un pé: "Àwọn àwòdì yín ńkọ́?" Mo ti ń sọ fún wọn pé ojú ti ń yí padà díẹ̀. Ní Henley àti Marlow, àwọn ìlú kéékèèké tó wà létí odò Thames, ẹyẹ náà ti ń já sáńwíìsì gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Àwọn kan ti ń rojọ́ pé ọmọ wọn ò lè jẹun níta. Wọ́n ń bẹ àwọn tó ń bọ́ ọ kí wọ́n jọ̀ọ́ dáwọ́ dúró. Búrẹ́dì ọwọ́ ọmọdé tí ará Venice yẹn rí ti tún délé. Ní 2022 sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ àwòdì láti Northamptonshire ní England lọ sí Extremadura ní Spain, nítorí tiwọn níbẹ̀ ti ń dín kù, májèlé wà lára ohun tó ń pa wọ́n. Nígbà tí mo sọ èyí fún màámi, wọ́n ní: "Ẹ kó ti ọ̀dọ̀ bàbá yẹn náà kún un. Wọ́n ti sanra."